Ẹ̀yin tí JAMB fún ní Fisheries, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́dọọdún tí JAMB bá ti gbé orúkọ jáde ni ẹkún máa ń sọ nílé àwọn èèyàn. Ọmọ kọ Medicine, wọ́n fún un ní Fisheries. Òmíì kọ Pharmacy, wọ́n ní kó lọ ṣe Botany tàbí Crop Production tàbí Food Technology, ìyá ẹ̀ á wá máa sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé "ẹ bá wa gbàdúrà o, a ṣì ń wá bí wọ́n ṣe máa yí kọ́ọ̀sì yẹn padà." Mo mọ màmá kan lọ́dọ̀ wa níbí ní Èbúté Mẹ́ta tí kò fìgbà kan dárúkọ kọ́ọ̀sì ọmọ ẹ̀ títí ọmọ fi gbàwé jáde, tẹ́ ẹ bá bi í, ohun tó máa sọ ni pé "Akọka ló wà, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe." Kò sì parọ́, sáyẹ́ǹsì náà ni. Ẹ̀yin ni mò ń kọ lẹ́tà yìí sí, ẹ̀yin tí wọ́n gbé iṣẹ́ oúnjẹ lé lọ́wọ́ láì bi yín, àti ẹ̀yin díẹ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yàn án tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ fẹ́ lọ máa ta point-and-kill.

Èmi náà jẹun nínú iṣẹ́ yìí. Ẹja ni mo bá yí láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè mí ní mísì títí mo fi di ìyá àgbà, léèbù, etí omi, ọjà, ìpàdé tí kì í tán, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn sínú ike pẹ́ǹtì lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ mi ní kí n lọ sinmi àmọ́ ẹnu mi ò tíì gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Ẹ mú ohun jíjẹ kan, ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e láti inú omi tàbí inú ilẹ̀ títí dé inú ìkòkò, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn dáadáa lójú ọ̀nà yẹn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà, orúkọ tí yunifásítì kọ sórí sátífíkéètì yín ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹja àrọ̀ bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ mọ̀ jù. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lálẹ́ Friday rò pé ẹja ṣáà lẹja, wọ́n sọ akọ àtabo sómi, wọ́n bímọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú odò, ìgbà tí òjò bá rọ̀ tí omi kún bo koríko etí odò ló máa ń yé, àmọ́ nínú pọ́ǹdù, ẹyin á kún inú ẹ̀, kò ní yé e. Torí náà abẹ́rẹ́ la máa ń gún ìyá ẹja. Ovaprim lọ̀pọ̀ ń lò báyìí, nígbà kan, inú orí ẹja míì la ti ń yọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní pituitary, a ó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi iyọ̀, a ó fi gún un. Tó bá ti tó bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, ó dọwọ́ bí omi ṣe gbóná tó, ẹ ó fọwọ́ tẹ ikùn ẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹyin á máa ṣàn jáde bí ọkà bàbà. Bàbá ẹja ní tiẹ̀ ò ṣeé tẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe to inú ẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé pípa ni wọ́n ń pa á kí ọwọ́ wọn tó tẹ nǹkan ọkùnrin inú ẹ̀ (àwọn ọmọ ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa, ibí yìí lojú wọn ti máa ń yí padà). Ẹ ó po méjèèjì pọ̀, ẹ ó fọ́n ọn sórí nẹ́ẹ̀tì nínú omi tó mọ́, tí omi bá wà ní bíi 27 tàbí 28 degree, á pa láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yẹn, oúnjẹ wọn wà lábẹ́ ikùn wọn, ó máa tó wọn jẹ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹ̀, ebi dé.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí nìyẹn. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ? Ẹnu wọn kéré, oúnjẹ oníhóró ò wọ̀ ọ́. Artemia ni àwọn tó ń pa ẹyin ẹja ń fún wọn, ẹ̀dá kékeré kan tó ń gbé inú omi oníyọ̀, inú agolo ni ẹyin ẹ̀ máa ń wà ní gbígbẹ, ẹ ó dà á sínú omi iyọ̀, ó di ọjọ́ kejì, ó ti ń wẹ̀. Púpọ̀ nínú agolo wọ̀nyẹn, Great Salt Lake ní Utah nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kó o. Ẹ wá wò ó o, ọmọ ẹja tí wọ́n bí ní Ìkòròdú, oúnjẹ àkọ́kọ́ tó máa kan ẹnu ẹ̀, adágún kan lẹ́yìn òkun ló ti wá, dọ́là la sì fi ń rà á, tí náírà bá ti ṣubú bó ṣe ṣubú ní 2023 yẹn, ọmọ ẹja náà á mọ̀. Bẹ́ẹ̀ Moina wà nínú omi tiwa níbí, òun náà kéré, òun náà ń wẹ̀, tẹ́ ẹ bá da ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sínú omi, á máa pọ̀. Àwọn èèyàn ti ń fi í bọ́ ọmọ ẹja tipẹ́. Àmọ́ báwo lẹ ṣe máa rí i kó tó, lójoojúmọ́, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, láì gbé àrùn wọnú ilé tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja, láì jẹ́ pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù ló máa kú pátá? Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá lé ìbéèrè yẹn, tó dáhùn ẹ̀ kó yanjú, àwọn ẹlẹ́ja Èkó á gbé e gun ẹṣin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti oúnjẹ àgbà ẹja, òun ló ń gba ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá owó tí ẹlẹ́ja ń ná, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ìdin eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní black soldier fly kiri, kí wọ́n lè fi bọ́ ẹja. Mi ò ní gùn ún lọ títí, ẹ lọ kà á.

Ẹ wá bọ́ sí ẹja yíyan, ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ lọ sí Asejere ní Màkókó láàárọ̀, èéfín á pàdé yín lọ́nà kẹ́ ẹ tó rí ọjà. Àwọn màmá tó ń yan ẹja níbẹ̀, Ẹ̀gùn, Ìlàjẹ, wọ́n mọ iṣẹ́ yẹn látojú àti látimú, igi tó yẹ, ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí i, bó ṣe máa gbẹ tó tí ìdin ò fi ní mú un títí á fi dé ọjà tó jìn. Kò sí ìwé tó kọ́ wọn. Ohun tí ojú ò rí, tí imú ò gbóòórùn ẹ̀, ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín igi tí kò jó tán máa ń kó àwọn kẹ́míkà kan sára ẹja, PAH lorúkọ agbo ilé wọn, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ benzo[a]pyrene, wọ́n ti mọ̀ pé ó ń fa kánsà. Àwọn ará Yúróòpù ò gbà kó ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò kan ẹja yíyan, láti 2014 nìyẹn, 5 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Òróró ara ẹja tó ń kán sórí iná tí èéfín ẹ̀ ń padà gùn ún wà lára ohun tó ń dá kún un.

Àwọn èèyàn ti ronú sí i. Nílẹ̀ Ghana ni ààrò tí wọ́n ń pè ní Chorkor ti wá, orúkọ àdúgbò àwọn ẹlẹ́ja kan ní Accra ni, ó dín igi kù, ó dín èéfín tó ń wọ ojú àwọn obìnrin kù. Lẹ́yìn ẹ̀ ni FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àtàwọn ará Senegal tó wà ní Thiaroye tún ṣe èyí tó ní páànù tó ń gba òróró kó má baà kán síná, tí wọ́n sì ya iná sọ́tọ̀ sí èéfín. NSPRI tiwa náà, ilé ìwádìí lórí bí oúnjẹ ò ṣe ní bà jẹ́, ti ṣe ẹ̀rọ ìyanja tiwọn. Ó dáa. Kí ló dé tó jẹ́ pé agbada irin àti dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì lẹ ṣì máa rí jù lórí omi níbẹ̀? Mo ti gbọ́ táwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìwé ń sọ pé àwọn obìnrin yẹn ò fẹ́ ìtẹ̀síwájú, inú máa ń bí mi. Ẹ bi wọ́n. Ọ̀kan á sọ fún yín pé ẹ̀rọ yẹn wúwo, ilé òun sì dúró lórí òpó igi nínú omi. Òmíì á ní ẹja tó ti inú ẹ̀ jáde kì í pọ́n bí oníbàárà òun ṣe fẹ́ ẹ, wọ́n á ní kò jinná. Òmíì á ní owó ẹ̀rọ kan, ẹja oṣù mélòó ni. Ìdáhùn yẹn kọ̀ọ̀kan, PhD ni. Ẹni tó bá ṣe ààrò tó fúyẹ́, tó mú ẹja pọ́n, tí kò fi PAH sí i, tí obìnrin kan lè fi owó àjọ rà, iṣẹ́ rẹ̀ á wúlò ju pépà ogún lọ, mo sì ń sọ ọ́ lójú àwọn tó ka pépà.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó ló kó gbogbo ẹ̀ wá lánàá. Èbúté Mẹ́ta tí mo jókòó sí yìí, 1887 ni Gómìnà Moloney dá ọgbà ìgbìn ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń gbin kòkó, kọfí, rọ́bà, wọ́n ń wo èyí tí ilẹ̀ wa gbà, wọ́n ń pín irúgbìn fáwọn àgbẹ̀. Òótọ́ ni pé owó ìlú òyìnbó ni wọ́n ń rò. Àmọ́ ta ló wá gbé kòkó wọnú ilẹ̀ Yorùbá gidi? Àwọn lébìrà ni, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lóko J. K. Coker, àgbẹ̀ kòkó ńlá kan, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Agége, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń padà lọ sílùú wọn, wọ́n á gbé irúgbìn dání, wọ́n á sì ti fojú rí bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Mo máa ń sọ ìtàn yẹn fáwọn ọmọ tó bá rò pé ìmọ̀ parí sínú léèbù.

Tó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ ló wù yín, ó dáa, mi ò ní fi tipátipá sọ yín di ẹlẹ́ja. Ẹ wo ewédú. Tẹ́ ẹ bá kan fọ́n irúgbìn ẹ̀ sílẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ní hù, ara irúgbìn yẹn le, omi ò lè wọ inú ẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ̀, wọ́n á di í sínú aṣọ, wọ́n á rì í bọ omi tó ń hó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á yọ ọ́, ó máa hù. Àwọn onímọ̀ ti wọn ọ̀rọ̀ yẹn nínú léèbù, òótọ́ ni, ohun tí wọ́n fi kún un ni bí omi ṣe máa gbóná tó àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó má lọ bọ̀ ọ́ kú. NIHORT tó wà ní Ìbàdàn, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiwọn, èso àti ẹ̀fọ́, 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún kan náà pẹ̀lú NIOMR ti Victoria Island tí òkun àti ẹja inú ẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ìjọba kan fìgbà kan ronú.

Tẹ́ ẹ bá kọjá lápá Ọ̀jọ́ ẹ máa rí àwọn tó ń gbin ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, omi kòtò ni wọ́n fi ń bu rin ín nígbà míì, èéfín ọkọ̀ ń fẹ́ sí i. Àwọn kan á pariwo lórí WhatsApp pé májèlé ni, ẹ má jẹ ẹ́. Onímọ̀ kì í pariwo, ó máa já ewé, ó máa gbé e lọ wọn òjé àti cadmium inú ẹ̀, ó máa wọn ti inú ilẹ̀, ó máa wọn ti inú omi, ó máa fọ díẹ̀ nínú ewé yẹn, kó fi díẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀ kó lè mọ̀ bóyá ara ewé ló wà tàbí inú ewé, torí èyí tó wà lára ṣeé fọ̀, tinú ò ṣeé fọ̀. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ yẹn ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa wí fún ẹni tó ń gbìn ín, ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń fi owó ẹ̀fọ́ yẹn lọ sílé ìwé.

Ti tòmátì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n nígbà yẹn rántí 2016. Àfòpiná kékeré kan, Tuta absoluta, ló jẹ oko tòmátì run ní Kaduna débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn fi kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ní Mile 12 níbí àwọn èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátì, tòmátì di ohun tí wọ́n ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ. South America ni kòkòrò yẹn ti wá, 2006 ni wọ́n rí i ní Spain, ó gba Àríwá Áfíríkà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ọdún mélòó nìyẹn? A ní àyè láti múra, ẹni tó máa máa wò ó ló kéré. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, wọ́n á fi òórùn tí abo fi ń pe akọ sínú pańpẹ́, ẹ ó máa ka iye akọ tó bá kó síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó bá ti ń pọ̀ sí i ẹ ó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kíka kòkòrò nínú pańpẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè fi ṣe fọ́tò sórí Instagram. Iṣẹ́ wa nìyẹn ṣá.

Mo fẹ́ sọ ìtàn méjì fún yín tí mo fẹ́ràn, ọ̀kan jìnnà sí wa, ọ̀kan súnmọ́ wa. Obìnrin kan wà, Shakuntala Thilsted, Trinidad ni wọ́n bí i sí. Ní Bangladesh, ẹja kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní mola, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò ó bí ìdọ̀tí inú pọ́ǹdù, ẹja ńlá ni wọ́n fẹ́. Obìnrin yìí lọ wọn ohun tó wà nínú ẹ̀, ó rí i pé Vitamin A kún inú ẹ̀, egungun ẹ̀ sì ń fún èèyàn ní calcium torí torí-tegungun ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó wá fi hàn pé èèyàn lè sin ín pọ̀ mọ́ ẹja ńlá nínú pọ́ǹdù kan náà. Wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn ńlá àgbáyé fáwọn tó ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ, ní 2021. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi yọ̀yọ́ àti sáwá ṣe ẹlẹ́yà pé ẹja tálákà ni, torí-tegungun làwa náà ń jẹ yọ̀yọ́ o. Ta ló ti jókòó ti yọ̀yọ́ Èkó pẹ́ tó bí obìnrin yẹn ṣe jókòó ti mola?

Ìkejì ni ti ẹ̀gẹ́. Kòkòrò funfun kan tí ara ẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun wọ Áfíríkà, Congo ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1973, ó ń pa ẹ̀gẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí ìkejì, ẹ fojú inú wo Nàìjíríà láìsí gàrí. Àwọn tó wà ní IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, Hans Herren ló ṣáájú wọn, wọ́n ní dípò kí àwọn máa fọ́n oògùn kiri, kí àwọn wá ọ̀tá kòkòrò yẹn lọ sí ibi tó ti wá. Wọ́n wá a kiri South America, Paraguay ni wọ́n ti wá rí i ní 1981, agbọ́n kan tó tín-ín-rín tó jẹ́ pé inú ara kòkòrò yẹn ló ń yé ẹyin ẹ̀ sí. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n tú u sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù títí dòní. Ní 1995 Herren gba World Food Prize. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀bà ní Oyíngbò ò mọ orúkọ ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀yin kan á ní, màmá, gbogbo èyí dùn létí, owó ńkọ́? Mi ò ní parọ́ fún yín. Owó oṣù ilé ìwádìí ìjọba kéré, owó tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí fúnra ẹ̀ tún kéré sí i, ẹ máa fi owó ara yín ra kẹ́míkà lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ má sọ pé mi ò sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì ní 2022, ASUU fi oṣù mẹ́jọ da iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ò nílò kí n ròyìn ẹ̀. Ibì kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ ẹ̀, iná lọ nígbà ìsinmi ọdún, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísẹ̀lì, gbogbo ẹja tí a kó jọ sínú fíríísà fún àyẹ̀wò bà jẹ́, òórùn ló kọ́kọ́ ròyìn fún wa. Torí náà kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí níbí kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ iná kó tó béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí ò mọ sí ilé ìwádìí nìkan. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi edé ránṣẹ́ sí òkè òkun, wọn ò lè fi àpótí kan ránṣẹ́ láìsí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ bákítéríà wò. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹja nílò ẹni tó mọ ohun tí ìfun ẹja lè lọ̀. Àwọn tó ni kóòlù-rúùmù ní Ìjọra nílò ẹni tó máa sọ fún wọn pé títùsì tó ti yọ́ tó tún dì kì í ṣe títùsì àná mọ́. NAFDAC ń gba irú yín, wọ́n ní léèbù ní Oshodi, ọ̀rọ̀ kábáìdì tí wọ́n fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fín ọ̀tá-piapia sí ẹja gbígbẹ, tiwọn ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá-piapia yẹn náà ló bá ẹ̀wà wa jẹ́ lójú Yúróòpù, 2015 ni wọ́n ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọlé mọ́, wọ́n ní dichlorvos, kẹ́míkà inú ọ̀tá-piapia, pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ wo iye àgbẹ̀ tí kò fi ọ̀tá-piapia kan ẹ̀wà rí tó bá wọn jìyà ẹ̀. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba fún iṣẹ́ ilé iṣẹ́, wà ní Oshodi láti 1956, àwọn ló ṣe soy-ogi, ẹ lọ síbẹ̀ lọ ṣe IT dípò kẹ́ ẹ lọ jókòó sí báńkì àbúrò bàbá yín. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Food Tech lẹ ń ṣe ní Yaba, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sókè òkun, ẹ lọ. Mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń sọ pé kẹ́ ẹ dúró kí ìlú má baà túká, ìlú ti túká díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ayé. Ghent ní Belgium, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sísin ẹja dáadáa, Artemia tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, àwọn wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù láyé. Wageningen ní Netherlands, Stirling ní Scotland. Iceland ní ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà kan fáwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹja níbi iṣẹ́ wọn, ibi iṣẹ́ yín ló máa gbé orúkọ yín kalẹ̀, torí náà kẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́ kan kọ́kọ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ gbé ìbéèrè tiwa dání lọ. Mo ti rí ọmọ wa tó lọ fi ọdún mẹ́rin ṣèwádìí lórí ẹja salmon, ẹja tí omi tútù nìkan ló lè gbé, ó padà dé, kò rí ibi tó máa lò ó, ó ti ń ta ilẹ̀ báyìí. Súpáfáísọ̀ òyìnbó ò burú, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa fún yín tí ẹ ò bá gbé nǹkan kan dání. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àrọ̀, tàbí òbòkún, tàbí ọ̀sà wa tó jẹ́ pé lójò omi ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀, lẹ́ẹ̀rùn òkun á gba Commodore Channel wọlé, iyọ̀ á gòkè, ewéko water hyacinth tó ti gba Badagry wọlé láti 1984 á máa kú. Kò sí súpáfáísọ̀ tó máa gbọ́ ìyẹn tí etí ẹ̀ ò ní dìde.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi líle sọ. Ẹ má ṣe ṣẹ̀dá nọ́ńbà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, mo mọ ọmọ tó jókòó sí yàrá ẹ̀ tó kọ iyọ̀ inú omi oṣù méjìlá sílẹ̀ láì dé etí omi, nọ́ńbà ẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyẹn gan-an la fi mú un, torí omi Èkó kì í mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe irọ́ lórí ìwé ìtàn, ìtàn ló bà jẹ́, àmọ́ ẹni tó bá purọ́ lórí PAH inú ẹja, ẹnì kan máa jẹ ẹja yẹn. Tẹ́ ẹ ò bá rí i wọ̀n, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò rí i wọ̀n, pé òjò rọ̀, pé ọkọ̀ ojú omi bà jẹ́. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti ń wò ó, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wò ó, pẹ̀lú pẹ́ńsù torí omi máa ń nu báírò nù. Àwọn jọ́nà tó máa ní kẹ́ ẹ sanwó kí pépà yín jáde lọ́sẹ̀ méjì, ẹ sá fún wọn, kódà tí ọ̀gá yín bá ní kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa bá àwọn tó ni iṣẹ́ sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ti ń kùnà. Ẹ máa dé Asejere pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ẹ ò kí èèyàn, ẹ ti ń béèrè ọjọ́ orí àti iye tí wọ́n ń pa lóṣù, ṣé ẹ̀yin náà máa sọ iye tí bàbá yín ń gbà fún àjèjì? Wọ́n máa fún yín ní nọ́ńbà, irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ tètè dé, kẹ́ ẹ wọ bàtà tó ṣeé sọ nù, kẹ́ ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ẹ̀gùn dání tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ọ. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ọkùnrin náà kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹ̀ ba, kò ní pa á. Ẹ ra ẹja kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun, kẹ́ ẹ ná an díẹ̀, wọn kì í fọkàn tán ẹni tí kì í nájà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ bá wọn yí ẹja lórí iná, ẹ má yọ fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá sì parí iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ padà lọ sọ fún wọn ohun tẹ́ ẹ rí, ní Yorùbá, lẹ́nu, àwọn ló ni í.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá yín ní Èbúté Mẹ́ta.